Bí Dairbek Ṣe Mú Gáréèjì Rẹ̀ Gbóná

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọjọ́ ìgbéyàwó Aizirek ni Dairbek bàbá rẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ ra wàhálà, lójú gbogbo àna, ẹran àgùntàn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó dìde, ó gbé ife sókè, ó ní lọ́jọ́ tí ọmọ òun bá bí àkọ́bí, òun kò ní í lọ ra béṣíkì lọ́jà bí àwọn ọ̀lẹ o. Ọwọ́ òun ni yóò kan ibùsùn onígi tí wọn yóò máa mì fún ọmọ náà, ọwọ́ òun nìkan, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá òun kan ìṣó kan mọ́ ọn. Àtẹ́wọ́ dún. Burulcha ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Òun ló mọ̀ pé ọkọ òun, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù, kò tíì kan ju àpótí ìjókòó lọ rí, àpótí náà sì ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí èèyàn bá jókòó lé e.

Ní Naryn, ìlú wọn láàárín òkè, ilé ìyá ọmọ ló ń gbé béṣíkì lọ sílé bàbá ọmọ, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Bí ọjọ́ àsè bá pé tí béṣíkì kò bá dé, ẹ̀sín dé nìyẹn, ikú sì yá ju ẹ̀sín lọ. Àna tí Ọlọ́run wá fún Dairbek ni Tokoldosh, bàbá ọkọ Aizirek, ọkùnrin tí yẹ̀yẹ́ kì í gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ló ti ń pè é lórí fóònù. "Àna mi, ṣé igi yẹn ṣì wà nínú igbó?" Yóò rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, yóò pa fóònù. Ọmọ wá dé, ọkùnrin làǹtìlanti, láàárín òtútù ọ̀gìnnìtìn, wọ́n sì fi àsè sí Sátidé.

Ẹ má rò pé Dairbek ń sùn o. Ó ti gé igi, ó ti fá a, ó ti tò ó. Gáréèjì ló ń dà á láàmú. Búlọ́ọ̀kù lásán ni ògiri rẹ̀, páànù ni òrùlé, ilẹ̀kùn onírin rẹ̀ sì ní àlàfo nísàlẹ̀ tí ológbò lè gbà wọlé láìtẹrí ba. Gọ́ọ̀mù tó fẹ́ fi lẹ igi dì sínú agolo, ó di òkúta. Ọ̀dà pupa tó kùn kọ̀, kò gbẹ. Ó fi ìka kàn án láàárọ̀, ọ̀dà bá ìka lọ. Ó fi ìka kàn án nírọ̀lẹ́, ọ̀dà tún bá ìka lọ. Ó gbé e wọ inú ilé lẹ́ẹ̀kan, Burulcha gbé e jáde tòun ti agolo.

"Bàbá Aizirek, iyàrá méjì péré la ní," ni Burulcha wí. "Ẹ ò lè fi òórùn ọ̀dà pa mí kí n tó rí ọmọ-ọmọ mi."

Ni Dairbek bá wọ inú ẹrù àtijọ́ lọ, ó fa hítà kan jáde tí òun àti àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nígbà èwe wọn. Páìpù nípọn kan ni, wọ́n yí wáyà mọ́ ọn lára yíká, wọ́n fún un ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ewúrẹ́ ni gbogbo awakọ̀ ń pè é. Ó ki wáyà rẹ̀ bọ iná. Ewúrẹ́ pọ́n, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, inú Dairbek dùn, ó ń pa ọwọ́ pọ̀ níwájú rẹ̀. Kò tíì pa ọwọ́ náà pọ̀ tán tí nǹkan fi dún pàù lórí òpó iná lójú títì, tí gbogbo àdúgbò sì ṣókùnkùn biribiri.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni Màmá Satkyn, àgbà obìnrin ilé kejì, ó mú ṣíbí ìrokà lọ́wọ́.

"Dairbek, ìwọ lo pa iná."

"Èmi kọ́, mà."

"Ta wá ni? Fèrèsé gáréèjì tìẹ nìkan ló pọ́n fòò kí iná tó lọ. Fíìmù ni mò ń wò. Ọmọbìnrin yẹn fẹ́ sọ orúkọ bàbá ọmọ ẹ̀. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la ti ń dúró. Ó la ẹnu báyìí, iná lọ. Ó yá, sọ fún mi, ta ni bàbá ọmọ náà?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

"O ò mọ̀ ọ́n, o wá pa iná." Màmá Satkyn na ṣíbí sí i. "Gbèsè ni o jẹ mí yẹn o."

Nígbà tí iná padà dé, Dairbek ti fi ewúrẹ́ náà pamọ́ sábẹ́ tábìlì, ojú ń tì í láti wò ó. Omurzak ló wá gbà á nímọ̀ràn. Olùṣọ́-àgùntàn ni Omurzak kó tó di àgbà, ilé rẹ̀ wà lódìkejì, ohun tó mọ̀ nípa òtútù pọ̀ gan-an, ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ náà ló sì máa ń sọ jù. Ó ní kí wọ́n gbé dúróòmù onírin wá, kí wọ́n gé ilẹ̀kùn sí i nídìí, kí wọ́n fi páìpù gba èéfín jáde lójú fèrèsé. Ní ti ohun tí wọn yóò dá sí i, kí ló dé tí wọn yóò fi ra èédú tó ti gbówó lórí, nígbà tí ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ kún ẹ̀yìnkùlé bámúbámú, ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ màlúù?

Iná dúróòmù náà kì í ṣe kékeré. Ó pọ́n, ó ń kùn. Ṣùgbọ́n bí Dairbek bá kọjú sí i, iwájú rẹ̀ á máa yan, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa dì. Bó bá kẹ̀yìn sí i, imú rẹ̀ á di yìnyín. Ó ń yí ara rẹ̀ padà níwájú iná bí ẹran tí wọ́n fi igi gún. Omi tó wà nínú korobá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dì gan-an níṣojú wọn, wọ́n ń wò ó.

"Ó máa gbóná," ni Omurzak wí.

"Ìgbà wo?"

"Ká ṣáà máa koná mọ́ ọn."

Wọ́n koná mọ́ ọn títí òkìtì ìgbẹ́ tó yẹ kó gbé wọn dé ìgbà ìrúwé fi lọ sí ìdajì. Burulcha jáde wá, ó wo òkìtì, ó wo òrùlé gáréèjì níbi tí yìnyín ti ń yọ́ ṣùrùṣùrù, ó bọ́ sínú gáréèjì.

"Bàbá Aizirek, ṣé Ọlọ́run ló ránṣẹ́ pé òtútù ń mú òun ni? Gbogbo ooru yìí, òkè ọ̀run ló ń lọ. Agbọ̀n lẹ fi ń pọnmi."

"Kí wá ni ká ṣe? Gáréèjì náà tóbi."

"Ta ló ní kí ẹ mú gáréèjì gbóná? Béṣíkì ni kí ẹ mú gbóná."

Dairbek dúró, ó ronú, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Burulcha ti gun àkàbà lọ sórí àjà. Aṣọ irun àgùntàn nípọnnípọn ni ó ń jù sílẹ̀ láti òkè, èyí tí ìyá Dairbek fi bo àgọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń da ẹran lórí òkè, eruku sì ń sọ lára rẹ̀. Wọ́n ta okùn láti ògiri dé ògiri ní igun gáréèjì, wọ́n fi aṣọ irun náà kọ́ sórí rẹ̀ yíká, wọ́n tẹ́ òmíràn sílẹ̀, wọ́n fi àpò koríko dí abẹ́ ilẹ̀kùn onírin. Ó wá di iyàrá kékeré nínú gáréèjì, tó gba dúróòmù, béṣíkì àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Burulcha rí i pé aṣọ jìnnà sí iná, ó sì fi ihò sílẹ̀ lókè kí afẹ́fẹ́ máa wọlé, nítorí èéfín ò mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò. Nígbà tí wọ́n wá dáná, ẹ̀kúnwọ́ ìgbẹ́ kan ni wọ́n jù sí i.

Ooru dé. Dairbek bọ́ kóòtù. Ó bọ́ súẹ́tà. Ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì, òógùn ń yọ níwájú orí rẹ̀, níta sì rèé, ẹyẹ ń jábọ́ lórí igi nítorí òtútù. Gọ́ọ̀mù yọ́ nínú agolo bí oyin. Ó fi ìka kan ọ̀dà, ìka bọ̀ ní mímọ́. Ó gbé ìka náà han Burulcha, ó gbé e han ara rẹ̀, ó ń jó yí dúróòmù ká pẹ̀lú ikùn rẹ̀ tó rọ̀ síwájú, Burulcha ń rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Inú ọkùnrin náà dùn dé ẹ̀yìn.

Ayọ̀ náà ò pẹ́ rárá. Omurzak wọlé wá yẹ iná wò, ó ní ṣebí òun lòun gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ó bọ́ bàtà. Ẹni tó bọ́ bàtà ní Naryn ti jókòó nìyẹn, a kì í sì í sọ fún ẹni tó jókòó pé kó máa lọ. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà lásán pàápàá gbọ́dọ̀ bu búrẹ́dì tọ́ wò kó tó yí padà. Omurzak délé, ó ròyìn. Ilé gbogbo ènìyàn ló tutù, ẹ sì mọ bí ìròyìn ooru ṣe ń rìn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, kò sí ọkùnrin àdúgbò tí kò rántí pé ó ti pẹ́ tí òun ti kí Dairbek. Bí aṣọ bá ti ṣí, tí orí kan bá yọ, ẹnu Dairbek á ti sọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ tó bá a wí: "Ẹ wọlé, ẹ wá mu tíì." Ó ń sọ ọ́, ó ń gé ara rẹ̀ ní ètè jẹ. Màmá Satkyn gbé fóònù àti ìrọ̀rí tirẹ̀ dání, ó ní òun wá gba gbèsè, níbẹ̀ lòun yóò ti máa wo fíìmù òun.

Iyàrá kékeré náà kún. Wọ́n ń ta káàdì lórí pátákó tí Dairbek fẹ́ fá. Kò sí àyè mọ́, ni onílé bá gbé béṣíkì àti ìfági jáde, ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn aṣọ. Ẹni tó ni ooru ń gbọ̀n lóde, àlejò ń la òógùn nínú ilé. Gọ́ọ̀mù tún di òkúta.

Ó gbìyànjú o. Ó yọjú sí wọn, ó ní, "Ó jọ pé yìnyín fẹ́ bọ̀. Ọ̀nà á dí láìpẹ́."

"Ẹ ṣé tí ẹ sọ fún wa," ni Omurzak dáhùn, ó sì na ẹsẹ̀. "A ò tún ní í kánjú lọ mọ́."

Ó dẹ́kun àtikoná, àwọn àlejò fi ọwọ́ ara wọn koná. Ó fa àgbò ńlá kan láti ẹ̀yìnkùlé wọ àárín wọn, ó ní bóyá òórùn á lé wọn. Wọ́n ṣí àyè fún àgbò. Omurzak di ìrù rẹ̀ tó kún fún ọ̀rá mú, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, àríyànjiyàn sì bẹ̀rẹ̀ lórí bí ọ̀rá náà ṣe wúwo tó, èyí tí wọ́n mu ìkòkò tíì mẹ́ta sí.

"Ẹ fún wọn níṣẹ́," ni Burulcha sọ fún un nínú ilé ìdáná. "Ọwọ́ tó ń ta káàdì lè fá igi."

"Mo ti sọ lójú àna pé ọwọ́ mi nìkan ni."

"Ọwọ́ yín nìkan náà ló ń gbọ̀n yẹn."

Kì í ṣe agídí lásán ló ń ṣe Dairbek. Ojú títì ni ó wà ní gbogbo ìgbà tí Aizirek wà lọ́mọdé. Ó ń gbé ẹrù gun òkè, ọmọ ń hu eyín, ọmọ ń rìn, ọmọ ń lọ síléèwé, òun ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó fẹ́ kí ohun kan wà nílé ọmọ yìí tí yóò máa wò tí yóò mọ̀ pé bàbá òun jókòó tì í. Kò rí bó ṣe lè sọ èyí lójú ìkòkò tíì, ni ó bá gbé ìfági, ó padà sínú òtútù.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé, ẹsẹ̀ béṣíkì kò tíì lẹ̀, ọ̀dà kò tíì dé apá kejì. Ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tokoldosh ló sọ̀kalẹ̀, irunmú rẹ̀ funfun fún yìnyín.

"Àna mi," ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà, "mo gbọ́ pé ẹ ti di ọlọ́tíì. Mo ní kí n wá wò ó bóyá béṣíkì á jáde kí ọmọ náà tó lọ fẹ́yàwó."

Dairbek ti ń wá èsì tí yóò fún un nígbà tó rí ẹ̀yìn ọkọ̀. Kúbùsù àti ìrọ̀rí kún ibẹ̀ dé òrùlé. Aizirek jókòó sáàárín wọn, ó wọ kóòtù ọkọ rẹ̀ lé tirẹ̀, ó gbá ọmọ mọ́ àyà. Dairbek ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ọmọbìnrin náà tẹ ẹnu mọ́ etí bàbá rẹ̀.

"Bàbá, páìpù omi gbígbóná tó ń mú ilé móoru ti dì, gbogbo ilé alájà wa ló tutù. Ọmọ ò yé sunkún. Bàbá ọkọ mi ní kí n má sọ fún yín, ojú ń tì wọ́n."

Dairbek gbójú sókè wo àna rẹ̀. Tokoldosh ń wo yìnyín lórí bàtà ara rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín tí kò dénú. Ẹ̀san tí Dairbek ti ń dúró dè láti ọjọ́ ìgbéyàwó rèé lọ́wọ́ rẹ̀, kó ṣáà la ẹnu ni. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ Aizirek.

"Ẹ kú àbọ̀, àna mi. Ẹ wọlé, tíì wà lórí iná."

Nígbà tí aṣọ irun ṣí tí ọmọ wọlé, káàdì bọ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Wọ́n ṣí àyè, wọ́n lé àgbò jáde. Màmá Satkyn pa fóònù rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, ó gba ọmọ sórí itan, ó ń tú u ní kúbùsù kan lẹ́yìn òmíràn. Ojú kékeré náà pupa fún òtútù. Ó wo iná, ó yán, ó sùn. Aizirek jókòó sílẹ̀ lórí aṣọ irun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, nítorí pé láti àná ni ọmọ náà kò ti sùn.

Dairbek ò mọ ìgbà tí òun ju ìbúra náà nù. Ohun tó mọ̀ ni pé kò sí ibi tí ọmọ yìí yóò sùn lọ́la bí kò ṣe inú béṣíkì yẹn.

"Ó yá, ẹ dìde," ó wí fún wọn. "Ẹni tó bá mu tíì mi á ṣiṣẹ́ mi. Omurzak, sáńpépà rèé, ẹ dán ẹsẹ̀ yìí. Ẹ̀yin ọlọ́káàdì, ẹ di apá kejì mú kí n lẹ̀ ẹ́. Àna mi, ẹ̀yin tí ẹnu yín kì í sinmi, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín náà ṣe díẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rèé. Ìwo àgbò, iṣẹ́ ọnà àwọn bàbá wa, ni kí ẹ yà sí gbogbo ara rẹ̀, látòkè délẹ̀."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìwo àgbò tí Tokoldosh yà rí bí ejò tó jẹun yó, wọ́n sì sọ fún un. Ó ní àgbò ilé tòun bẹ́ẹ̀ ni ìwo rẹ̀ rí. Omurzak dán ẹsẹ̀ béṣíkì títí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà tán. Wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Màmá Satkyn ń pàṣẹ láti ibi tó jókòó sí, ọmọ ò tilẹ̀ gbọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ó parí. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúróòmù, ọ̀dà sì gbẹ pátápátá kí ilẹ̀ tó mọ́.

Inú gáréèjì náà ni wọ́n ti ṣe àsè. Tokoldosh pe àwọn ẹbí rẹ̀ pé ibi àsè ti yí padà, wọn ò janpata, ilé tiwọn náà ti dì. Ermek ọkọ Aizirek mú ìyá rẹ̀ dé. Wọ́n pa àgbò tó ń wọ́ kiri yẹn. Wọ́n dín búrẹ́dì kéékèèké jọ bí òkè. Àwọn obìnrin wọnú aṣọ irun, wọ́n yí béṣíkì ká, àwọn ọkùnrin ń na ọrùn lẹ́yìn wọn. Dairbek dúró síwájú, àyà rẹ̀ ga. Kò dá a ṣe, ó gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà, kò sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kankan.

Burulcha tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kékeré tó rán sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì béṣíkì máa ń ní ihò láàárín, pátákó ìsàlẹ̀ náà a sì ní tirẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pá kékeré oníhò ń gbà kọjá tí ìtọ̀ ọmọ fi ń dà sínú ìkòkò nísàlẹ̀, tí ọmọ yóò fi sùn ní gbígbẹ. Kò sí ìyá tí kò mọ̀ ọ́n. Burulcha ki ìka bọ ihò bẹ́ẹ̀dì láti wá ti pátákó. Ìka rẹ̀ kan igi. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò, ó wò ó. Pátákó náà dán, ó pupa, ìwo àgbò mẹ́rin wà lórí rẹ̀, kò sì síhò kankan.

"Bàbá Aizirek," ó rọra wí, "ibo ni ọmọ yìí máa tọ̀ sí?"

Tokoldosh la ẹnu. Ẹ̀rín tí yóò fi gbogbo ayé rẹ̀ rín ti dé ọ̀fun rẹ̀, Dairbek rí i tó ń bọ̀, ó sì di ojú. Àmọ́ ẹ̀rín ò jáde. Tokoldosh ti rántí ẹni tó kun pátákó yẹn, tó fara balẹ̀ ya ìwo àgbò mẹ́rin yíká ibi tó yẹ kí ihò wà. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Mo rò pé ẹ ti lù ú," ó sọ lábẹ́lẹ̀.

"Èmi náà rò pé ẹ máa sọ."

"Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà o, àna mi. Kí ọ̀rọ̀ yìí má jáde níbí."

"Ó ti jáde," ni Màmá Satkyn wí, fóònù wà létí rẹ̀, ó ń bá ẹnì kan ní òpópónà kejì sọ̀rọ̀. "Gbogbo ọkùnrin àdúgbò, ẹ jókòó ti ibùsùn kan láti Ọjọ́rú, kò sí ẹni tó rántí pé ọmọ ń tọ̀."

Ó di ẹ̀rín àríntàkìtì. Burulcha jókòó sílẹ̀, kò lè dìde. Ìyá Ermek gbá Burulcha mú, omijé ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Omurzak na ọwọ́ pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìlugi fún òun. Tokoldosh náà ti kúnlẹ̀ láti di pátákó mú.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Dairbek wí. "Ẹ jẹ́ kí n ṣe é."

Ó kúnlẹ̀, ó wọn àárín, ó lu ihò náà. Ó yí sáńpépà ká ìka, ó dán etí ihò yíká. Ó ki àtàńpàkò rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó yí i, ó ń wá ẹ̀gún igi, ó tún dán an, ó tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Aizirek ló wá kúnlẹ̀ tì í, ọmọ wà lápá rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ títí ó fi fẹ́ eruku igi kúrò, tó sì sún sẹ́yìn.

Màmá Satkyn wí bísímílà, ó tẹ́ ọmọ sínú béṣíkì, ó dì í, ó to ọ̀pá sí àyè rẹ̀, ó gbé ìkòkò sábẹ́. Gbogbo wọn tẹ́ ọwọ́, wọ́n ṣe àmín, wọ́n fi pa ojú. Ọmọ wò wọ́n, ó ronú díẹ̀. Ni ohùn tín-ín-rín kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ìkòkò nísàlẹ̀, ṣùrù, kò sì tètè tán. Burulcha ki ọwọ́ sábẹ́ ọmọ. Ó gbẹ.

"Ẹ gbọ́, gbogbo yín," ni Tokoldosh wí, ó sì gbé ọwọ́ lé àna rẹ̀ léjìká. "Ìwo àgbò, tèmi ni. Ẹsẹ̀, ti Omurzak ni. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ọwọ́ Dairbek nìkan ló ṣe é."

Dairbek fẹ́ fún un lésì. Ó la ẹnu, ẹ̀rín àti ẹkún jọ já síbẹ̀, ó sì bọ́ síta láti lọ gbé ìgbẹ́ sí i fún iná.